Rákẹ́ẹ̀tì tí Wọ́n Rà fún Mojí

Ohùn ọkùnrin kan ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú fóònù Dámilọ́lá, ọmọ-ọmọ mi, ni ohùn náà ti ń jáde, ó ń ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń yan rákẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Ó ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí ó di ìdí rákẹ́ẹ̀tì mú, kí ó wò ó bóyá ìka kan ṣoṣo láti ọwọ́ kejì lè wọ àlàfo tó wà láàárín orí ìka rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́; bí ìka kò bá ráyè wọ̀ ọ́, ìdí rákẹ́ẹ̀tì ti kéré jù, bí àyè bá sì ṣẹ́kù, ó ti tóbi jù. Ó ní ọmọdé kì í gbé ti àgbà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í gbé ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń bu omi tútù fún àlejò. Mo dìde jókòó sórí ẹní, inú ń bí mi sí ọkùnrin tí mi ò rí rí. Níbo ló wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí a ń wá irú rẹ̀ ní Ìrémọ?

Dámilọ́lá ní, "Màmá àgbà, kí ni fóònù mi ṣe yín tí ẹ fi ń wò ó báyìí?"

Mo ní kí ó pa á, kí ó mú bírò. Èmi ò mọ ìwé, obì ni mo tà dàgbà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gbọ́ ọ.

Agbo ilé wa nígbà náà kì í ṣe bí ẹ ṣe ń rí i yìí. Àgbàlá ńlá kan ló wà láàárín, yàrá yí i ká, páànù òrùlé ti dípẹtà, ó pọ́n bí ẹyìn. Tí òjò bá ń rọ̀, láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni omi ti ń ya wọ inú àgbàlá, àwọn ọmọ á bọ́ aṣọ, wọ́n á máa sáré wẹ̀ níbẹ̀, àwa á máa pariwo pé kí wọ́n má dà wá lómi inú ìkòkò nù. Ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ ewé sí láti bó obì, tí oje rẹ̀ á pa mí lọ́wọ́ láró bí ẹni tó lé làálì. Kò sí ohun tí ẹnì kan ń ṣe nínú àgbàlá yẹn tí gbogbo ilé kò ní dá sí. Bí o bá ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ènìyàn á ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sọ fún ọ pé ó tó.

Ìlàré ni wọ́n bí mi sí, ìyàwó ni mo jẹ́ ní Ìrémọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín lórúkọ lónìí, ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọ tó bá ti wà láyé nínú ilé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi kan wà, ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni nígbà tí mo dé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́, tó ń ké pé ọṣẹ ti wọ òun lójú. Síbẹ̀, ọkọ mi ni. Nígbà tó dàgbà tó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òkè-Ogbó, tó ń ki bírò méjì bọ àpò àyà, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni ohun tí Akọ̀wé bá ti sọ nínú ilé ti di abẹ gé, nítorí pé awakọ̀ lọ́rí ni ọkọ tèmi gan-an, òkè Ọya ló sábà máa ń wà. Bàbá ọkọ mi sì ti darúgbó, kì í dá sí ohunkóhun mọ́ àfi ọ̀rọ̀ oko.

Mojísọ́lá ni ọmọ mi kẹta, òun ni ìyá Dámilọ́lá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, apá rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì ni nígbà tí tíṣà rẹ̀ kan kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí pápá tẹ́níìsì nínú ọgbà yunifásítì, níbi tí kóòṣì kan ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àràárọ̀ Sátidé. Kóòṣì yìí ní rákẹ́ẹ̀tì mélòó kan tó máa ń yá wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó kéré, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè mọ̀ bóyá búlúù ni tàbí eérú, wọ́n sì ti fi téèpù wé ìdí rẹ̀. Èyí ni Mojí fẹ́ràn. Ó máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ọ̀rẹ́.

"Màámi, ó fúyẹ́! Bí mo bá ṣe báyìí, ó ti dé ibẹ̀ kí n tó dé."

Yóò gbé orógùn, yóò máa fi na afẹ́fẹ́. Yóò fi gbá èèpo obì mi káàkiri àgbàlá, àwọn adìyẹ kò ní ìsinmi. Mo máa ń bínú, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò rí ohun tó mú inú ọmọ yẹn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, Kóòṣì sọ fún wọn pé òun fẹ́ yan àwọn ọmọ tí yóò lọ bá àwọn ọmọ ìlú mìíràn díje. Ọmọ tó bá fẹ́ kí wọ́n yan òun, kí ó mú rákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá, nítorí àwọn ọmọ tuntun ti pọ̀, àwọn ni yóò máa lo èyí tí òun ń yá ènìyàn. Lọ́jọ́ tí Mojí mú ọ̀rọ̀ yìí wálé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ó lọ bá Akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Dádì kékeré, ẹ jọ̀ọ́, sà, èyí tó fúyẹ́ ni mo fẹ́. Èyí tí ìdí rẹ̀ kéré." Ó na ọwọ́ sí i, ó ń fi ìka ṣe ìwọ̀n rẹ̀.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rajà? Lọ jẹun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rajà fún ọmọ nígbà náà. Bí a bá fẹ́ ra bàtà, a ó ra èyí tó ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ, a ó fi àkísà dí iwájú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ rán aṣọ ilé ìwé, a ó rán an dé ojúgun, a ó ká etí rẹ̀ sókè, bí ọmọ bá ṣe ń ga ni a ó máa tú u. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ ń lọ sílé ìwé, aṣọ ló máa ń rìn níwájú, ọmọ á máa tẹ̀ lé e. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn, ọ̀nà náà sì ni Akọ̀wé tọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì. Kò mú Mojí dání. Ta ló ń mú ọmọ lọ sọ́jà nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ rà fún ọmọ?

Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ó gbé ohun kan tí wọ́n fi pépà wé sábẹ́ apá, gbogbo ilé pé jọ. Rákẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́. Onígi ni, ó pọ́n, ó ń dán, orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ki pọ́pọ́ bí ọmọ odó.

Akọ̀wé ní, "Ẹni tó tà á fún mi ní òyìnbó tó lò ó ga bí òpó iná. Ẹ gbé e wò! Mojí á lò ó, àbúrò rẹ̀ á lò ó, kò ní í bàjẹ́."

Wọ́n ń gbé e látọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá àgbà kan nínú ilé ní ẹni tí wọ́n bá fi èyí lé jáde kò tún ní í padà wá. Gbogbo wọn ń sọ pé, "Ó wúwo o! Ojúlówó ni." Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá wúwo ni ojúlówó. Ìbáà jẹ́ wúrà, ìbáà jẹ́ aṣọ òfì, ìbáà jẹ́ ìkòkò, a ó kọ́kọ́ gbé e wò lọ́wọ́ kí a tó yìn ín.

Nígbà tó kan Mojí, ó dì í mú. Ìka rẹ̀ kò ká a. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀ka igi tí ẹyẹ ńlá bà lé. Ó wò mí.

Akọ̀wé ní, "Ṣé o rí i? O máa dàgbà bá a."

Mojí ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni kó tún sọ?

Kò sí obìnrin kan nínú ilé yẹn tí kò mọ̀ pé ọmọ odó tí ìyá fi ń gún iyán, a kì í gbé e lé ọmọdé lọ́wọ́. Tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, èyí tó fúyẹ́. Ká ní odó ni wọ́n fẹ́ rà ni, wọn ì bá pè wá. Ṣùgbọ́n nǹkan òyìnbó ni, wọ́n gbà pé ẹni tó ń fi bírò sápò ló mọ̀ ọ́n yàn. Mo wọ yàrá, mo jókòó, mo tún dìde.

Ìyàwó kì í bá ọkọ fa ọ̀rọ̀ lójúkojú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ìyàwó má bá ẹran ọ̀sìn sọ̀rọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Akọ̀wé ṣe ń rin pákò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo dojú kọ òbúkọ wa tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ òbúkọ yìí, okùn tí wọ́n so mọ́ ọ lọ́rùn, ti màlúù ni. Wọ́n ní o máa dàgbà di màlúù. Ṣé o gbọ́?"

Akọ̀wé tutọ́ sílẹ̀. Kò wò mí, òbúkọ lòun náà ń wò. "Òbúkọ, bá mi bi ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀: ṣé òun ló ra okùn ni?"

"Òbúkọ, sọ fún wọn pé ẹni tó ra okùn ṣeun, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ọrùn ẹ ló ń dùn ọ́."

"Òbúkọ, ohun tó bá kéré ni kò ní àtúnṣe. Èyí tó bá tóbi, wọ́n lè dín in kù!"

Òbúkọ ké, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá nìyẹn, nítorí pé Bàbá ọkọ mi gbọ́ pé wọ́n lè dín in kù.

Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ gbé nǹkan ọ̀hún wá kí n rí i. Ṣé kì í ṣe bí ẹ̀rúkọ́ náà ló rí?"

Ẹ̀rúkọ́ ni igi tí a ń ki ọkọ́ àgbẹ̀ bọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ bíi Bàbá ní gbogbo àdúgbò wa. Ó tú awọ tó wà nídìí rákẹ́ẹ̀tì kúrò, ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi náà. Tìfẹ́tìfẹ́ ló ń ṣe é. "Dì í mú, ọmọ mi. Ṣé ó ti tọ́? Kò tíì tọ́. Mú un wá." Tí ẹ bá rí ọmọ yẹn tó lóṣòó síwájú bàbá bàbá rẹ̀, tí èérún igi ń já sí i lẹ́sẹ̀, ẹ ó ní ayé tòrò. Nígbà tó tán, Bàbá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi wé ìdí náà dípò awọ. Ó bọ́ sí ọwọ́ Mojí wẹ́kú. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé wo apá ibi tí òbúkọ wà, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ṣùgbọ́n ìdí ló fúyẹ́, orí kò fúyẹ́. Nǹkan náà ń lọ síwájú bí ẹni tó ń tòògbé. Bàbá rí i, inú rẹ̀ tún dùn sí i, ó ní bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, pé orí ni yóò máa ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ọkọ́. Bí o bá gbé ọkọ́ sókè, fúnra rẹ̀ ni yóò wálẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í sá fún un. Bọ́ọ̀lù ni kì í dúró de ènìyàn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Mojí ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, tó bá wọlé, èmi á máa fi òrí wọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. Kò ké. Ó kàn ń béèrè pé, "Màámi, ṣé ọmọ lè dàgbà kó tó di Sátidé?"

Lọ́jọ́ Sátidé tí Kóòṣì fẹ́ yan àwọn ọmọ náà, mo fi obì sílẹ̀, mo bá a lọ. Àwọn ọmọ ti pé sí pápá, àwọn òbí díẹ̀ jókòó sábẹ́ igi. Ọmọ tuntun kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ló mú rákẹ́ẹ̀tì kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí yẹn lọ́wọ́, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni ń wọ́ igi ìdáná. Mojí rí i, ó gbójú kúrò.

Wọ́n pè é. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní kí ó bá a gbá a kò ga tó Mojí. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, Mojí ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í já a kulẹ̀. Ó ju apá, rákẹ́ẹ̀tì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ti kọjá. Òmíràn dé, bákan náà. Nígbà tó yá, ó ṣe ohun kan tó fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Ó fi ìdí tí Bàbá gbẹ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lọ sókè, ó di rákẹ́ẹ̀tì mú lọ́rùn, bí ọmọdé ṣe ń di ọmọ odó ìyá rẹ̀ mú láàárín kí ó tó lè gbé e.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Ó fẹ́ gúnyán!"

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ó ń gbá a, ó ń padà, ìdí rákẹ́ẹ̀tì ń lù ú nígbọ̀nwọ́, kò bìkítà. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ń kígbe pé, "Gún un, Mojí! Gún un!"

Ìyá kan tó jókòó nítòsí mi ní, "Màmá, kì í ṣe odó o."

Mo ní, "Èmi mọ̀, ìyá. Èmi mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn nílé wa."

Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Bọ́ọ̀lù tó bá lọ sókè, kò lè nà á. Wọ́n borí rẹ̀. Nígbà tí Kóòṣì pe orúkọ àwọn tó yàn, mo ń gbọ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ni Kóòṣì wá sọ́dọ̀ wa, ó gba rákẹ́ẹ̀tì, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ìka kan rọ́bà kẹ̀kẹ́ yẹn.

"Mojí, ta ló ra èyí fún ọ?"

"Dádì mi kékeré ni, sà."

"Ṣé o bá wọn lọ?"

"Rárá, sà."

Ó wò mí. "Màmá, ẹ ò ṣe mú ọmọ dání?"

Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbà tí wọ́n gbé mi níyàwó? Kóòṣì gba rákẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn lọ́wọ́ ọmọ tuntun, ó fún Mojí, ó ju bọ́ọ̀lù sí i. Pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó ń dùn ún, ọmọ mi gbá a, bọ́ọ̀lù náà fò kọjá lórí àwọ̀n, ó balẹ̀ sí igun ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ó tún ju òmíràn, Mojí tún gbá a síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó borí rẹ̀ dúró, ó la ẹnu. Kóòṣì mi orí, ó ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀, Mojí." Ó gba rákẹ́ẹ̀tì náà, ó dá a padà fún ẹni tó ń lò ó.

Ká ní ẹnì kan bá wa jà ni, ìbínú mi ì bá rí ibi gbà. Nígbà tí a délé, Akọ̀wé ti ra míńírà tútù sílẹ̀ de Mojí. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ó na ọrùn láti wo ìdí rákẹ́ẹ̀tì tó gbẹ́, bóyá ó dúró ṣinṣin.

Akọ̀wé ní, "Ṣé wọ́n yàn ọ́?"

"Wọn ò yàn mí, sà."

"Èéṣe?"

Mojí wo Bàbá. Ó wo míńírà tí omi ń ṣẹ́ lára ìgò rẹ̀. Ó wo Akọ̀wé. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ni, sà."

Akọ̀wé fọwọ́ bà á lórí. "Má jẹ́ kó dùn ọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó wá èyí tó tún lágbára ju èyí lọ."

Mojí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Èmi náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Akọ̀wé mi. Ẹ kú ìnáwó." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mojí kò padà lọ síbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sàn, ìwé gba ọkàn rẹ̀, àwọn kan lọ bá ọmọ ìlú mìíràn díje, òun kò sí níbẹ̀. Bàbá ti lọ sílé àgbà. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù pín àgbàlá, olúkúlùkù ló ní géètì tirẹ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ ẹnì kan kò kan ẹnì kan mọ́. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn wa ń pe àbúrò ọkọ wọn ní Túndé, Túndé á sì dá wọn lóhùn, ilẹ̀ kò sì lanu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Nísinsìnyí, mo máa ń jókòó gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ orin. Ká ní mo lè pe Akọ̀wé lórúkọ lọ́jọ́ kan péré, kí n ní, "Lágbájá, mú ọmọ yìí dání kí o tó lọ."

Ohun tí kò yí padà ni ìfẹ́ tí kì í béèrè. A ṣì ń yan iṣẹ́ fún ọmọ, a ń yan ilé ìwé fún un, a ó gbé e wò lọ́wọ́ ara wa, a ó ní ojúlówó ni. Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ rẹ, o lè bá a jà, gbogbo àdúgbò á sì gbè ọ́. Ẹni tó fún un ní nǹkan ńkọ́? Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á, tó tún ra míńírà sí i?

Akọ̀wé ti hu ewú báyìí. Nígbà tó wá kí wa lọ́dún, ó ń sọ fún àwọn ọmọ Mojí pé òun lòun ra rákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ agbo ilé yìí, fún ìyá wọn. Mojí rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Dádì kékeré," ó sì dìde, ó lọ bu oúnjẹ wá fún un. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Èmi ni mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ọjọ́ míńírà yẹn.